Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Amọ̀ Kọ́ Ọmọ Yín Nípa Ìlú Úrúkì

Bí ọmọ bá bi yín pé níbo ni ọ̀làjú ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láyé, ẹ má wulẹ̀ máa ka orúkọ odò fún un. Ẹ bu amọ̀ lé e lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é fáwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn, mi ò sì tíì rí ọ̀nà tó dáa jù ú lọ.

Íjíbítì ní ìtàn tirẹ̀, Ṣáínà náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Úrúkì ní gúúsù Ìrákì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí àkọsílẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ tẹ̀ sára amọ̀, láti nǹkan bí ọdún 3300 ṣáájú ìbí Jésù, ṣì wà dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ti bá a pàdé: òun ni Ereki tó wà ní Jẹ́nẹ́sísì orí kẹwàá.

Ẹ wá amọ̀ tó kúnná, ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀ dànù. Ẹ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ kó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Ẹ wá igi roboto méjì, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì nípọn. Koríko etí omi làwọn ará Úrúkì ń lò ní tiwọn. Ó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, bí amọ̀ náà ṣe pọ̀. Òkúta àti igi ńlá ló wọ́n wọn.

Ó yá, ká ka àgùntàn. Kó dẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé: ọ̀kan nìyẹn. Kó nà án ró ṣánṣán kó tó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ á rí roboto: mẹ́wàá nìyẹn. Àgùntàn 23 á wá jẹ́ roboto méjì àti ọ̀kan mẹ́ta. Tó bá di 60, kó dẹ igi tó nípọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ tọ́ka sí aago ara ògiri níbẹ̀ yẹn: ìṣẹ́jú 60 inú wákàtí, àtinú ìṣirò wọn ló ti ṣẹ̀ wá.

Kó wá fi ẹnu igi tó mú ya orí èèyàn, kó ya abọ́ sẹ́nu rẹ̀. Àmì "jẹun" nìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń rí ìdí ọ̀rọ̀. Òjò kì í tó nílẹ̀ yẹn, wọ́n sì ní láti la ojú omi láti odò Yúfírétì wọ inú oko. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ ọkà báálì, kó mu ọtí. Ẹni tó ń pín in sì gbọ́dọ̀ mọ iye tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jù lọ àkọsílẹ̀ wọn fi jẹ́ ti oúnjẹ, ẹran àti òṣìṣẹ́, tí kì í ṣe ti ogun ọba.

Ibòji ni kí ẹ ti gbẹ amọ̀ náà kó tó rí oòrùn, kó má baà sán. Èyí tó bá sán, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ tún un pò.