Bí A Ṣe Rí Ìrànwọ́ Ìjọba Láti Yẹ Ilẹ̀ Wò Ká Tó Rà á ní Baltimore

Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ wa ti ń wá ilé tiwa, níbi tí àwọn ọmọ á ti máa kọ́ Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó yá, a rí ilé kan tó ti di àpatì, tí wọ́n ti ń ṣe dirai-kíníìnì láyé àtijọ́. Owó rẹ̀ rọjú débi pé àwọn àgbà ní ká san àsansílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Èmi ni akọ̀wé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

Bàbá Ẹgbẹ́ ní, “Ọmọ mi, ṣé o ò rí koríko tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn ilé yẹn ni? Ilẹ̀ tó ní májèlé á ṣe hu irú ẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ rántí Zamfara ní 2010. Òjé inú iyẹ̀pẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400, orí ilẹ̀ táwọn ọmọ ọ̀hún sì ti ń ṣeré lójoojúmọ́ ni.” Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní kí n lọ wádìí.

Òfin tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju májèlé lọ. Lábẹ́ òfin Superfund ti 1980 ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó ra ilẹ̀ lè jẹ gbèsè ìdọ̀tí tí ẹlòmíì dà síbẹ̀. Ààbò wà fún ẹni tó bá ṣe ìwádìí tó péye kó tó rà á. Kó tó rà á ni o! Tẹ́ ẹ bá ti gba ìwé ilé tán kẹ́ ẹ tó wádìí, ààbò yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Àjọ EPA, tó ń dáàbò bo àyíká fún ìjọba àpapọ̀, ní ètò Brownfields fún irú ilẹ̀ báyìí. Owó ìrànwọ́ ńlá wà níbẹ̀ tó lè tó 500,000 dọ́là, ṣùgbọ́n ìdíje ni, àwọn ìlú ló sì sábà máa ń gbà á. Èyí tó bá wa mu ni Targeted Brownfields Assessment, ìyẹn àyẹ̀wò ilẹ̀ kan pàtó. Wọn kì í kó owó fúnni. EPA á rán kọ́ńtírátọ̀ tiwọn wá, wọ́n á sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì wọn tó wà ní Philadelphia, tó ń bójú tó Maryland, ni mo fi fọ́ọ̀mù wa ránṣẹ́ sí.

Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀, ohun tá a fẹ́ fi ṣe, àti àǹfààní tó máa ṣe fún àdúgbò. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kún fún gírámà. Mo fà á ya. Mo wá kọ iye ọmọ tó ń wá sí kíláàsì wa, mo kọ ọ́ pé bọ́ọ̀sì méjì làwọn ìyá kan ń wọ̀ débẹ̀, mo sì kọ iye tá a ń san lóṣù fún gbọ̀ngàn tá a háyà.

Ibi tó le jù ni ìwé ìyọ̀ǹda. Láìsí ìbuwọ́lù onílé, ẹnikẹ́ni ò lè tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó jogún ilé náà ní, “Bí wọ́n bá rí nǹkan ńkọ́? Ṣé èmi kọ́ ni wọ́n á mú?” Ẹ̀rù yẹn tọ́ sí i, mi ò sì purọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti Ìyá Ẹgbẹ́ lọ bá a. A ní kó gbé ìwé náà fún lọ́yà rẹ̀, a sì jẹ́ kó bá òṣìṣẹ́ EPA sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni pé kò sí báńkì tó máa yá ẹnikẹ́ni lówó lórí ilé yẹn láìsí àyẹ̀wò kan náà. Ó buwọ́ lù ú.

Nínú Phase I, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ àyẹ̀wò náà, wọn ò gbẹ́ ilẹ̀. Ìwé àtijọ́ ni wọ́n ń tú. Wọ́n yọ máàpù Sanborn jáde, èyí tí wọ́n ń yà fún ìbánigbófò iná láyé ọjọ́un, a sì rí òbìrípo kékeré kan níkangun ilẹ̀ náà: táǹkì epo. Àṣé gáréèjì ló wà níbẹ̀ kó tó di ilé ìfọṣọ! Onílé fúnra rẹ̀ ò mọ̀.

Ìgbà Phase II, ìpele kejì, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ìgò, wọ́n kó o sínú kúlà oníyìnyín. Nígbà tí èsì dé, wọ́n rí PCE, kẹ́míkà ìfọṣọ, lábẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ oníkọnkéré, àti òjé lẹ́yìnkùlé tó ju 200 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ìwọ̀n yìí ni EPA gbé kalẹ̀ fún ilẹ̀ ilé gbígbé ní January 2024, 400 ló wà tẹ́lẹ̀. Ìdí koríko tútù tí Bàbá fi hàn mí gan-an ni òjé ọ̀hún wà.

Èéfín PCE máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú ilé láìjẹ́ kójú rí i. Páìpù àti fáànù tó ń fà á síta la ó fi kápá ẹ̀, a ó sì kó iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dànù. EPA ò san ti ìyẹn nínú ètò yìí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú èsì lọ́wọ́ wa, onílé gbà láti yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tó fẹ́ tà á.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ o. Tí iṣẹ́ Phase I bá ti ju 180 ọjọ́ lọ kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ní láti tún apá púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Mo lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ara fíríìjì mi, mo ń fagi lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 163 la gba kọ́kọ́rọ́.