Ìgbẹ́ gbuuru tó kọ̀ tí kò lọ: ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò, àti ìgbà tí ẹ máa rí dókítà

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Bí èèyàn bá ya ìgbẹ́ tó ṣàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru nìyẹn. Èyí tí kò tíì pé ọjọ́ 14, oúnjẹ tàbí omi tó ní kòkòrò ló sábà máa ń fà á, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì lọ fúnra rẹ̀ bí omi ò bá ti tán lára. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 4, ẹ má di ẹ̀bi ru mọ́ínmọ́ín ijọ́sí mọ́. Ohun kan wà tó ń fà á lójoojúmọ́: ohun tí ẹ ń mu, oògùn tí ẹ ń lò, kòkòrò tó ti fìdí kalẹ̀, tàbí àìsàn mìíràn tó fara pamọ́. Flagyl tí wọ́n gé fún yín ní kẹ́míìsì ní Nyanya tàbí Mararaba lẹ́bàá Abuja ò lè mọ èwo ni nínú wọn.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fi ọjọ́ 7 kọ nǹkan sí i. Aago tí ẹ lọ, bó ṣe rí (omi lásán ni àbí ó ki bí ẹ̀kọ, ṣé ó ń yọ̀ bí epo, ṣé ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀), ohun tí ẹ jẹ ṣáájú, àti gbogbo oògùn, àgbo náà pẹ̀lú. Ẹ fàlà sábẹ́ èyí tó jí yín lójú oorun. Inú tó kàn ń ṣe ségesège nítorí ìrònú kì í sábà jí èèyàn. Èyí tó ń gbé yín dìde ní aago 2 òru, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Ọ̀rọ̀ àgbo yìí, ó yẹ ká dúró lé e lórí, torí tiwa ni. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, wọ́n ní ṣúgà ló pọ̀ jù, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ló bá di ife àgbo kan láràárọ̀ lọ́dọ̀ ìyá alágbo kí èèyàn tó wọ mọ́tò. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ewé tó ń ṣí inú, irú bí àsunwọ̀n, ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó mú èèyàn yàgbẹ́. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tún burú sí i. Ìgbẹ́ ń ṣàn, àgbo ń tì í lẹ́yìn, ẹni tó ń mu ún á ní àìsàn ló ń jáde. Ẹ dá a dúró pátápátá fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe kí ẹ máa fo ọjọ́ kan mu ọjọ́ kan. Bí ìgbẹ́ bá ki láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Mílíìkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa kì í lè da ṣúgà inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lactose. Á dúró sínú ìfun, á máa fa omi mọ́ra, inú á kún, á máa kùn, ìgbẹ́ á sì tẹ̀ lé e. Nono tí àwọn Fúlàní ń tà máa ń rọ inú lọ́rùn díẹ̀, torí kíkan tó kan ti jẹ lára ṣúgà náà. Ẹ yọ mílíìkì inú tíì, kọ́sítáàdì, áìsì kírímù àti wàrà kúrò fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ tó tún un mu wò.

Nínú oògùn, metformin tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò, oògùn ọgbẹ́ inú tó ní magnesium, àti oògùn apakòkòrò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má dá metformin dúró fúnra yín. Dókítà lè fi èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Omi tí àwọn mai ruwa ń tì kiri, tàbí ti kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá, lè ní Giardia nínú, kòkòrò kékeré kan tí ojú lásán ò lè rí, tó ń gbé inú ìfun. Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń rùn burúkú, ó máa ń ní ọ̀rá, gáàsì á pọ̀, èèyàn á sì máa rù. Klórínì kì í tètè pa á. Ẹ jẹ́ kí omi náà hó kutukutu fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Yìnyín inú zobo àti kúnú náà, omi ni.

Ti àwọn arúgbó tún yàtọ̀. Màmá tí kì í dìde púpọ̀, tí omi ìgbẹ́ ń ta sí i láṣọ díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ líle ló dí i nídìí, tí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró á tún dí i pa ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Kí omi má bàa gbẹ lára, ẹ po ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà inú páálí tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Bí kò bá sí, lítà 1 omi mímọ́ (píọ̀ wọ́tà 2 tó jẹ́ 50cl), ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọdé. Tó bá pé wákàtí 24, ẹ dà á nù. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àgbàlagbà á mu 200 sí 400ml. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, 50 sí 100ml, díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí.

Ẹ lọ sí ọsibítù lónìí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bó bá dúdú bí ọ̀dà (tí kì í ṣe pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin), bí ibà bá le, bí ojú bá jìn, tí ìtọ̀ ò wá mọ́, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ yín. Ìgbẹ́ tó funfun bí omi ìrẹsì, tó ń tú jáde láìdúró, onígbáméjì lè ni. Ẹ má dúró ṣe ohunkóhun. Nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ibà, ẹ má lo loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Ọmọ kékeré ò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 4, bí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, bó bá ń jí yín lóru, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó lára, tàbí bí ẹ bá ti lé ní ọdún 45 tí ìgbẹ́ yín ṣàdédé yí padà. Jẹjẹrẹ ìfun lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ dúró ju ọjọ́ 14 lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yẹ HIV wò, ẹ má bínú: ìgbẹ́ gbuuru tó lé ní oṣù kan wà lára àmì rẹ̀.

Wọ́n á béèrè ìgbẹ́ fún láàbù. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, kí ìtọ̀ má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ yàgbẹ́ sínú póò tó mọ́, kí ẹ fi ṣíbí inú ìgò tí wọ́n fún yín bu ibi tí ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ wà, tó bí èkùrọ́ kan. Láàárín wákàtí 1 ni kó dé láàbù, torí tó bá tutù, kòkòrò amíbà ò ní rìn mọ́, ẹni tó ń wo ẹ̀rọ ò sì ní dá a mọ̀. Pẹ̀lú gosiloo Nyanya, ẹ kúkú yà á ní ọsibítù. Wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí Giardia kì í jáde lójoojúmọ́. Ẹ má lo apakòkòrò kankan láàárín rẹ̀. Ìwé ọjọ́ 7 yẹn, ẹ mú un dání, àti nylon gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ìgò àgbo náà, ẹ má fi sílé.