Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó orin CD sórí kọ̀ǹpútà
FLAC ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó o sí o, kì í ṣe MP3 (oríṣi fáìlì orin ni méjèèjì). FLAC ò yọ nǹkan kan kúrò lára orin, MP3 máa ń gé lára ohùn ẹ̀ kúrò, tó bá sì ti gé e ó ti lọ nìyẹn, àmọ́ látinú FLAC ẹ lè ṣe MP3 fún fóònù nígbàkigbà láìtún wá CD kiri. Sọ́fíwia fre:ac ń ṣe méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni. Tí láptọ́ọ̀pù yín ò bá ní ojú CD, ẹ wá èyí tó ń lo USB ní Queen Cinema n'Ìbàdàn. Orúkọ orin nìkan ló máa yọ yín lẹ́nu, ti òyìnbó sábà máa ń jáde fúnra ẹ̀, fújì àti jùjú tiwa kì í sábà jáde, ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni. CD tó bá sì ní orin wákàtí mẹ́ta-mẹ́rin nínú, MP3 ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ (CD gidi ò gbà ju nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú lọ), ẹ kàn kọ́pì ẹ̀.