Ẹ Fún Ìfun Lóúnjẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Yábàá àti Akoka

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ oúnjẹ àsìkò ìdánwò: núdù láàárọ̀, búrẹ́dì lọ́sàn-án, gàrí lálẹ́. Ẹ yó lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tí inú á fi wú, tí ìgbẹ́ á sì le.

Àìmọye kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú ìfun ńlá, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe wá lóore. Fáíbà ni oúnjẹ wọn, ìyẹn ohun tí ara wa kò lè dà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso. Wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì tí ìfun ńlá fi ń rí agbára. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tó gíráàmù 25 lójúmọ́, ó kéré tán.

Ẹ wo ògì. Èèrí tó kù nínú asẹ́, tí a ń kó fún ewúrẹ́, ibẹ̀ ni fáíbà bá lọ. Ẹ̀kọ fúyẹ́ fún inú tó ń ṣàìsàn, àmọ́ ẹ̀kọ nìkan kò tó jẹ. Mọ́ínmọ́ín àti àkàrà dára, ṣùgbọ́n wọ́n ti bó èèpo ẹ̀wà wọn dànù. Ẹ̀wà àgànyìn kò bó tirẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù fún yín. Ẹni tí kò jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, kó fi síbí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà kún un nínú, kó sì máa mu omi dáadáa. Ẹ da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú núdù yẹn. Ọsàn náà, ẹ má kàn fa omi rẹ̀ mu kí ẹ ju ìyókù nù. Ẹ bó o, kí ẹ jẹ gbogbo inú rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni Flagyl, oògùn apakòkòrò. Inú kò tíì yà lẹ́ẹ̀mejì tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti sáré dé ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ló ń lọ fúnra rẹ̀, oògùn yẹn sì ń pa kòkòrò rere mọ́ búburú. Omi tó ń tán lára ló ń pani. Ẹ fọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 2 tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50 kí ẹ tó já a, ẹ da méjèèjì pọ̀, ẹ fi ṣúgà síbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì síbí tíì sí i, kó tẹ́jú, kó má ga. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ara bá gbóná gan-an, bí èébì kò bá jẹ́ kí omi dúró nínú, tàbí bí ìgbẹ́ bá ń tú jáde bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kọ́lẹ́rà jà l'Ékòó lọ́dún 2024, kì í sì í fún èèyàn láyè. Ẹ máa mu omi oníyọ̀ yẹn lọ lójú ọ̀nà, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún dókítà.