Ìrírí Mi ní Mae Hong Son: Bí A Ṣe Ń Yí Òkè Àríwá Tàìláǹdì Po Nínú Oṣù Kọkànlá

Ìgbà tí èèyàn bá lọ sí Mae Hong Son ló ń pinnu ohun tí yóò rí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ yìí wà ní ìkángun àríwá Tàìláǹdì lápá ìwọ̀-oòrùn, ó bá Bọ́mà pààlà, òkè àti igbó ló sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, iná oko àti iná igbó máa ń sọ ojú ọ̀run di èéfín, èèyàn kò ní rí òkè tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀fun á sì máa dunni. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, òjò ni: odò á kún, títì á máa yọ̀, erùpẹ̀ òkè á sì máa ya bo ọ̀nà. Àárín oṣù kọkànlá ni mo mú. Òjò ti dá, èéfín kò tíì dé, kùrukùru ń bo àfonífojì láàárọ̀, wọ́n ń kórè ìrẹsì, òdòdó òkè Mae U Kho sì ń tàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, oṣù yìí ni kó dúró dè.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń gbà á báyìí, ní thaievisa.go.th. Yẹ́lò káàdì pọn dandan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n ti ń béèrè fọ́ọ̀mù ìwọlé tí wọ́n ń pè ní TDAC. Ọ̀fẹ́ ni, láàárín ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gúnlẹ̀ ni ẹ máa kọ ọ́. Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló jáde láti Chiang Mai, ìlú ńlá àríwá Tàìláǹdì, lọ sí Mae Hong Son: 1095 tó gba Pai, àti 108 tó gba Mae Sariang. Bí ẹ bá gba ọ̀kan lọ tí ẹ gba èkejì bọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 600 kìlómítà. Kọ́nà 762 ni wọ́n kà ní ojú ọ̀nà 1095 láti Chiang Mai dé Pai nìkan. Bọ́ọ̀sì kékeré láti ibùdókọ̀ Arcade máa ń lò tó wákàtí mẹ́ta dé Pai, àwọn tó ń bì nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìjókòó iwájú ló dára jù, òun náà ló sì ń tètè tán, nítorí náà ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ jẹ ata ilẹ̀, ẹ má wo fóònù. Ìdajì nínú èébì yẹn, fóònù ló ń fà á.

Fún àwọn tó bá fẹ́ gun alùpùpù: apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, ó yàtọ̀ sí tiwa. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ alùpùpù sí ni kí ẹ mú dání. Tí ti mọ́tò nìkan bá wà nínú rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá á gba owó ìtanràn, ìwé ìbánigbófò ìrìn àjò yín kò sì ní san kọ́bọ̀ bí ẹ bá ṣubú. Ẹ́ńjìnnì 125 ni kí ẹ yá, èyí tó kéré sí i máa ń mí hẹlẹ lórí òkè, pàápàá bí èèyàn méjì bá jókòó. Ìsọ̀kalẹ̀ ló léwu ju gígùn lọ. Bí ẹ bá di bíréèkì mú láti òkè dé ilẹ̀, á gbóná, kò sì ní mú mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ní jíà, ẹ fi sí jíà kejì. Èyí tí kò ní jíà ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: bí ó bá rọra lọ jù, kílọ́ọ̀ṣì á tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní dá a dúró mọ́, gbogbo ẹrù á wá kù sọ́rùn bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fún un lépo díẹ̀ lórí ìsọ̀kalẹ̀, kí kílọ́ọ̀ṣì lè mú, kí n tó fi bíréèkì kún un.

Soppong, tó wà láàárín Pai àti ìlú Mae Hong Son, ni kí ẹ ti yà sí ihò àpáta Tham Lot, nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án sí àríwá. Bí àyè ibì kan ṣoṣo bá wà fún yín nínú ìpínlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Odò Nam Lang wọ inú òkè lápá kan, ó sì jáde lápá kejì. Ihò náà gùn tó 1,600 mítà. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọlé: ará abúlé kan ni yóò gbé fìtílà gáàsì ṣáájú yín, fìtílà kan fún èèyàn mẹ́ta. Iyàrá ńlá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Sao Hin ni àkọ́kọ́, òpó òkúta tí omi kíkán kọ́ ló wà níbẹ̀, òmíràn ga ju ogún mítà lọ. Tukkata ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Phi Man, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọparun so ló ń gbéni débẹ̀. Nínú rẹ̀ ni àjákù pósí wà, igi tíìkì tí wọ́n gbẹ́ ihò sí gbọọrọ, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Irú pósí bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ihò àpáta ní agbègbè Pang Mapha. Àwọn tó sin òkú wọn síbẹ̀ kò fi ìwé kankan sílẹ̀.

Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, nítorí ìgbẹ́ àdán àti tàwọn ẹyẹ wà lórí àtẹ̀gùn Phi Man, ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ má fọwọ́ kan òpó òkúta, òróró ara ọwọ́ ń dí i lọ́wọ́ láti dàgbà. Bí odò bá kún jù, ọkọ̀ ọparun kò ní lọ, ẹ kò sì ní dé iyàrá kẹta. Ẹ béèrè níbi ìsanwó kí ẹ tó san. Wákàtí tí ẹ máa wọlé ṣe pàtàkì: mo wọlé lẹ́yìn aago mẹ́ta, kí n lè wà lẹ́nu àbájáde nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ìgbà náà ni àwọn ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ máa ń rọ́ wọlé lọ sùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, bí àwọn àdán náà ṣe ń jáde lọ wá oúnjẹ. Ẹni tó bá wá láàárọ̀ kò ní rí i.

Ní ìlú Mae Hong Son fúnra rẹ̀, àṣà àwọn Shan, tí wọ́n ń pè ní Tai Yai, ló gbilẹ̀. Tẹ́ḿpìlì Wat Chong Kham àti Wat Chong Klang jókòó ti ara wọn létí adágún àárín ìlú, òrùlé wọn jẹ́ ti Bọ́mà, ó to léra léra. Ẹ wọ inú Chong Klang lọ wo àwòrán ìtàn ayé Búdà tí wọ́n kùn sára gíláàsì. Ẹ bo èjìká àti orúnkún, ẹ bọ́ bàtà, ẹ má na ẹsẹ̀ sí ère, obìnrin kì í sì í fọwọ́ kan mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà. Orí òkè tó ga ju ìlú lọ ni Wat Phra That Doi Kong Mu wà, ilé funfun onísóńsó méjì, wọ́n kọ́ èyí tó tóbi ní 1860, wọ́n sì kọ́ kékeré ní 1874. Ẹ gun un kí ilẹ̀ tó mọ́. Kùrukùru á bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra ká, ẹ ó sì rí pápá ọkọ̀ òfuurufú láàárín ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà àárọ̀ ni. Ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá wá níbẹ̀ ni thua nao, irú tiwọn. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè wú, wọ́n á gún un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Òórùn rẹ̀ ò ṣàjèjì rárá, bakitéríà kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ lára irú tiwa àti òun. Ẹ yan án lórí iná kí ẹ tó gún un sọ́bẹ̀. Mùsùlùmí kí ó béèrè kó tó jẹ ọbẹ̀ nam ngiao, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Thua phu un, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n rò bí ẹ̀kọ gbígbóná lé núdùùlù ìrẹsì lórí, ni mo máa ń jẹ láàárọ̀.

Àríwá ìlú gba ọjọ́ kan. Afárá ọparun Su Tong Pae, tó gùn tó 500 mítà lórí oko ìrẹsì, ló yẹ kó ṣáájú, ní kùtùkùtù nígbà tí àwọn mọ́ǹkì bá ń gba orí rẹ̀ lọ sí abúlé. Ẹja inú Tham Pla, ihò àpáta kan, kò gba àkókò púpọ̀ láti wò. Abúlé Ban Rak Thai ló kángun sí ààlà. Àwọn ọmọ Yunnan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ìdílé àwọn ọmọ ogun Kuomintang, ẹgbẹ́ tí àwọn Kọ́múníìsì ṣẹ́gun, tí wọ́n sá kúrò ní Ṣáínà lẹ́yìn 1949. Tíì oolong ni iṣẹ́ wọn. Ẹ sùn síbẹ̀ bí ẹ bá rí yàrá, òtútù rẹ̀ mú gan-an lóru, ẹ mú súwẹ́tà.

Ní ti abúlé àwọn obìnrin Kayan tó ń wọ idẹ sọ́rùn, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó lọ. Olùwá-ibi-ìsádi láti Bọ́mà ni ọ̀pọ̀ wọn, òmìnira wọn láti ṣiṣẹ́ níbòmíràn kò tó nǹkan, owó ìwọlé tí àlejò ń san kì í sì í dé ọwọ́ wọn tán. Idẹ náà kì í fa ọrùn gùn, èjìká àti egungun àyà ló ń tẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá lọ, ẹ jókòó, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ra aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó hun ún, ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Khun Yuam wà ní gúúsù, ní ojú ọ̀nà 108. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ń sọ ìtàn àwọn ọmọ ogun Jàpáàn tí wọ́n gba ìlú náà sá padà láti Bọ́mà nínú ogun àgbáyé kejì. Ogun Bọ́mà yẹn náà ni wọ́n kó àwọn bàbá wa láti Nàìjíríà lọ jà, ó yẹ kí ẹ yà síbẹ̀. Láti Khun Yuam, ẹ gba ọ̀nà 1263 lọ sí Doi Mae U Kho, nǹkan bí kìlómítà 26. Jogbo ló bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè níbẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ń hù létí títì nílẹ̀ wa, Mẹ́síkò ni òun náà ti wá. Nǹkan bí 1,600 mítà ni òkè náà ga. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, tí ẹ bá lọ lópin ọ̀sẹ̀, mọ́tò á dí ọ̀nà pa. Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé dáadáa, ó ti gbẹ.

Láti orí òkè yẹn, 1263 tẹ̀ síwájú lọ sí Mae Chaem àti Doi Inthanon, òkè tó ga jù ní Tàìláǹdì, 2,565 mítà. Ó yá ju 108 lọ sí Chiang Mai, ṣùgbọ́n ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilé epo kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kún táǹkì ní Khun Yuam. Bí òjò bá rọ̀ lóru, tàbí bí bíréèkì yín bá ti ń dún, ẹ padà sí 108, ẹ sùn ní Mae Sariang. Nọ́ńbà áńbúláǹsì ni 1669, ti ọlọ́pàá àwọn arìnrìn-àjò ni 1155. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, nítorí fóònù máa ń kú lójú ọ̀nà náà.