Kóńgò Wà Nínú Léfítíkù 19: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ìwà Mímọ́ Ọlọ́run

Inú ọ̀rọ̀ "mímọ́" gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí a fọ̀ a máa mọ́, ilé tí a gbá a máa mọ́, nítorí náà bí a bá ti pe Ọlọ́run ní mímọ́, ohun tó ń wá sọ́kàn wa ni pé kò ní àbààwọ́n. Irọ́ kọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nídìí rẹ̀, qadosh, tún ń sọ nípa ohun tí a yà sọ́tọ̀, tí a kì í kà mọ́ ìyókù. Ẹni tó bá di ìdajì kan mú yóò kàn máa rí Ọlọ́run bí ènìyàn rere tó tóbi púpọ̀. Nínú Ẹ́kísódù 15:11, Mósè béèrè pé ta ló dà bí Olúwa, kò sì tíì mí tó fi sọ̀rọ̀ nípa ògo ìwà mímọ́ Rẹ̀: ẹsẹ kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Tí o bá ń ka Bíbélì láàárọ̀, ìbéèrè méjì ni kí o bi ojú ìwé náà: kí ló mọ́ nínú ìwà Rẹ̀ níbí? Níbo ni kò ti jọ ẹnikẹ́ni?

Èkejì, fífi orúkọ Ọlọ́run búra lásán, ló gbilẹ̀ jù nílùú Òṣogbo yìí, ọjà ló sì ti ń ṣẹlẹ̀. Dúró díẹ̀ ní Ọjà Ọba, wà á gbọ́ ọ: "Ọlọ́run ń gbọ́, iye tí mo rà á gan-an nìyẹn." Oníbàárà yí ẹ̀yìn padà, ó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pè é padà, owó sì já wálẹ̀. Orúkọ tí àwọn séráfù ń bo ojú níwájú ẹni tó ni ín ni wọ́n fi ná ọjà yẹn. Òfin kẹta (Ẹ́kísódù 20:7) kò yọ ọlọ́jà sílẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: "Iye tí mo lè tà á nìyí," ó parí, kò sí ìbúra níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí bẹ́ẹ̀ ni yín jẹ́, ni Mátíù 5:37 wí. Ẹni tí ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá tó ké "Jésù!", àdúrà ló gbà. Ẹni tó ké e torí pé bọ́ọ̀lù lu òpó gólù, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

A ò tíì kúrò lọ́jà o. Ẹsẹ kejì Léfítíkù 19 ló pàṣẹ pé kí a jẹ́ mímọ́ nítorí pé Olúwa jẹ́ mímọ́, Pétérù sì tún irú àṣẹ yìí pa fún àwọn Kristẹni. Bí wọ́n bá ti kà á tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, irun àti aṣọ ni ìwàásù máa ń gbà lọ. Ka orí náà dé ìparí. Ẹsẹ 9 ní kí a fi etí oko sílẹ̀ fún tálákà. Ẹsẹ 13 ní owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́ni lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Lébìrà tí a ń sọ fún pé "wá lọ́la" nígbà tí owó wà nílé ńkọ́? Ẹsẹ 16 dé orí òfófó. Ẹsẹ 35 àti 36 wá kan òṣùwọ̀n, ibẹ̀ ni kóńgò ti wọ̀ ọ́. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á lu ìdí rẹ̀ wọnú, tàbí kí wọ́n tẹ́ nǹkan sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá tìrẹ pé, wá kóńgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, bu ìrẹsì kún un dọ́gba ẹnu, kí o dà á sínú tìrẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ sílẹ̀ ni ohun tí o ti ń jẹ lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ààwẹ̀ tó ń tún ìdí kóńgò ṣe, ra òmíràn.

Àṣìṣe kẹta ni fífojú kéré Ọlọ́run lórúkọ ìfẹ́. Úsà kò ní èrò búburú nínú 2 Sámúẹ́lì 6. Màlúù ló kọsẹ̀, ó sì na ọwọ́ kí àpótí ẹ̀rí má baà ṣubú, síbẹ̀ Ọlọ́run lù ú pa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e sí, bí àwọn Filísínì ti ṣe, nígbà tó jẹ́ pé òfin ní èjìká àwọn ọmọ Kóhátì, ìdílé kan nínú ẹ̀yà Léfì, ló gbọdọ̀ máa gbé e. Ìlù àti dùùrù tó ń dún kíkankíkan lọ́jọ́ náà kò dí àlàfo yẹn. Ìsúnmọ́ kì í ṣe ọ̀tá ọ̀wọ̀: ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ló ń bá a jẹun nínú àwo kan lálẹ́. (Ẹ kíyè sí i pé "ìwọ" ni a fi ń gbàdúrà, àwa tí a ń sọ "ẹ̀yin" fún ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún kan jù wá lọ. Ó ṣeé fi rántí pé Ọ̀kan ṣoṣo ni.)

Fífi ohun èlò rọ́pò Rẹ̀ ńkọ́? Mósè ló rọ ejò idẹ tí ẹni tí ejò bá bù jẹ ń wò kí ó lè yè, Ọlọ́run ló pàṣẹ ẹ, ó sì wúlò lásìkò rẹ̀. Nígbà tí Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i, Ọba Hesekáyà fọ́ ọ túútúú (2 Àwọn Ọba 18:4). Ìgò òróró tí o kò lè jáde nílé láìmú dání ti ń di irú ejò bẹ́ẹ̀.

Bí oṣù kẹjọ bá dé, tí èrò ń lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, àwọn kan á rò pé èébú ni a fi ń fi hàn pé Ọlọ́run kò ní igbákejì. Pọ́ọ̀lù wàásù ní Éfésù títí iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, síbẹ̀ akọ̀wé ìlú jẹ́rìí pé wọn kò sọ̀rọ̀ òdì sí òrìṣà ìlú náà (Ìṣe 19:37). Aládùúgbò rẹ gbọ́dọ̀ lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Ó ku bí a ṣe ń ṣe àṣàrò. Ọ̀pọ̀ ń fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, owó ilé, fisà, ìdánwò ọmọ, ogún ìṣẹ́jú á sì ti tán kí wọ́n tó rántí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àìsáyà 6 ní ètò. Fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka ẹsẹ 1 sí 4 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sókè, láìbéèrè ohunkóhun. Ní ẹsẹ 5, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó. "Dárí gbogbo rẹ̀ jì mí" rọrùn jù, kì í tuni nínú. Má fo ẹsẹ 6 àti 7, níbi tí ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ ń bà máa ń yà kúrò, tí á ní òun ò yẹ, tí á sì pa àdúrà tì fún oṣù mẹ́ta. Àìsáyà kò rìn lọ síbi pẹpẹ. Séráfù ló fò wá bá a pẹ̀lú ẹyin iná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹsẹ 8, iṣẹ́ rírán.

Ètè ni ẹyin iná náà sì kàn. Kí o tó dìde, yan ọ̀rọ̀ kan tí wà á sọ lọ́jọ́ náà, bóyá iye ọjà, bóyá èsì fún ìyàwó tàbí ọkọ, kí o sọ ọ́ jẹ́ẹ́ níbẹ̀, bí wà á ṣe sọ ọ́.