Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìgbéga: kí ló dé?

Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí àsìkò ìdánwò ìgbéga bá ti sún mọ́lé, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ìbéèrè wọn tó wọ́pọ̀ jù rèé, àti bí mo ṣe máa ń dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ìdánwò láti ipele 09 sí 10, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì fìdí rẹmi. Mo há ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì sórí láti páálí dé páálí. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?

Àbúrò, ìwé tí o há sórí yẹn gan-an ló ń pa ọ́ lára. Kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀ ná. Inú Public Service Rules, ìyẹn ìwé ìlànà iṣẹ́ ìjọba, ti ọdún 2008 ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí a ń lò báyìí ni àtúnṣe ti 2021, oṣù keje ọdún 2023 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú rẹ̀, olùdarí tó bá ti lo ọdún 8 lórí ipò yẹn, ilé ti yá nìyẹn. Akọ̀wé Àgbà ń lo ọdún 4, wọ́n sì lè tún un ṣe fún un bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Wá èyí nínú ìwé ẹnu géètì yẹn wò.

Èkejì ló wá burú jù. Àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè kì í dúró lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lásán, ọ̀ràn ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Ká ní owó sọnù, wọ́n ti gbé akọ̀wé owó lọ sí kóòtù, ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́. Kí ni ọ́fíìsì yóò ṣe sí i, kí sì ni orúkọ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ á sáré kọ suspension. Interdiction ni. Public Service Rules fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má fi ọ̀kan pe èkejì. Interdiction wà fún ìgbà tí ẹjọ́ ńlá tó lè lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì parí. Ti suspension ni pé ẹ̀rí tó ṣe é gbé dání ti wà nílẹ̀ pé ọ̀ràn ńlá ṣẹlẹ̀, tó sì ṣàǹfààní fún ará ìlú pé kí onítọ̀hún kúrò nídìí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí ìwádìí tó parí. Ẹni tó há a sórí á da méjèèjì pọ̀, torí pé wọ́n jọra létí.

Bí èmi ṣe ń kà á rèé. Orí kan lẹ́ẹ̀kan. Mà á pa ìwé dé, mà á fa bébà òfìfo kan yọ, mà á wá kọ ohun mẹ́ta nípa ìlànà kọ̀ọ̀kan: ta ló láṣẹ láti ṣe é, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe é, kí ló ń tẹ̀lé e bí wọn ò bá ṣe é. Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́. Bí n kò bá lè kọ ọ́ ní Yorùbá, a jẹ́ pé òyìnbó inú ìwé ni mo kàn ń pè, kò tíì yé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, Financial Regulations ti 2009, ìyẹn ìlànà ìnáwó ìjọba, ló kàn, àti òfin Public Procurement ti 2007, tó wà fún bí ìjọba ṣe ń ra ọjà àti bó ṣe ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Má fojú fo Freedom of Information Act ti 2011: ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti fi dá ẹni tó béèrè ìwé lóhùn, wọ́n fẹ́ràn ìbéèrè yẹn púpọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 náà wà ńbẹ̀: òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ìjọba tó gbà á síṣẹ́ ń fi 10 lé e.

Ọ̀gá, mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Mo mọ ìdáhùn, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, àkókò sì máa ń tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ni kò tíì mọ máòsì, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mo ti rí bàbá kan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tó gbé máòsì sókè, tó ń nà án sí ojú kọ̀ǹpútà bíi rìmóòtù. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún oṣù kan ti tó, kí ọmọ ilé yín jókòó tì yín. Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè tó bá fẹ́ gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ fò ó, ẹ ó padà sí i. Ìṣirò ló sábà máa ń jí àkókò yín gbé.

Orúkọ mi kò sí lára àwọn tó máa kọ ìdánwò. Ta ni kí n lọ bá?

Kọ́kọ́ ka ọdún rẹ. Láti 07 títí dé 14, ọdún 3 ni o gbọ́dọ̀ lò lórí ipele kan. Láti 15 lọ sókè, ọdún 4 ni. (Má wá 11 o, kò sí nínú ètò ìjọba àpapọ̀, láti 10 ni wọ́n ti ń fò sí 12.) Bí ọdún bá pé, béèrè bóyá wọ́n ti fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2 àkọ́kọ́. Àìmọye ènìyàn ló gbàgbé ìyẹn. Lẹ́yìn náà, lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì, kí o sì fi ojú ara rẹ rí i pé ìwé ìgbéléwọ̀n ọdọọdún rẹ pé síbẹ̀. Ti èmi dínkan nígbà kan. Ọ̀gá mi ló buwọ́ lù ú, tó wá gbé e sínú dúróọ̀ rẹ̀ títí ó fi ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọdún kan gbáko ló ná mi. Láti ìgbà náà, mi ò fi ìwé kankan sílẹ̀ láì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́.

Mo máa ń yege nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé iwájú àwọn ọ̀gá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹnu mi á wọ.

Ohun tí o mọ̀ dáadáa gan-an ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi ọ́: kí ni iṣẹ́ rẹ? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dáhùn pé, "Mo wà ní Admin, sà." Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n tún bi í, ó tún un sọ. Ìyá kan tó tẹ̀lé e wọlé ní, "Èmi ni mo ń gba lẹ́tà tó wọ ẹ̀ka wa. Mo máa ń fún un ní nọ́ńbà, mo máa ń fi sínú fáìlì tó tọ́, mo sì ń tẹ̀lé e títí ìdáhùn á fi jáde." Àárín wọn, ta ni ìwọ máa fún ní máàkì?

Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí náà fi òyìnbó dánra wò, kó sì jáde lẹ́nu ketekete. Kíkà sínú kì í la ọ̀nà ọ̀fun. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń parọ́, wọ́n á tún bi í wọnú ni.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi ń wo ọkàn ènìyàn: bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o gbé owó iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe jáde ńkọ́? Má sọ pé o máa bá a jà, má sì sọ pé o máa ṣe é. Sọ pé o máa kọ èrò rẹ sínú fáìlì, o máa tọ́ka sí ìlànà tó kan ọ̀rọ̀ náà, o máa buwọ́ lù ú, o sì máa dá a padà sí i lórí tábìlì.

Ẹnì kan ní kí n san owó kí orúkọ mi lè jáde nínú ìgbaniṣíṣẹ́ tuntun.

Má san kọ́bọ̀. Lábẹ́ òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ọdún 2000, ẹni tó fúnni ní rìbá jẹ̀bi bí ẹni tó gbà á. Kàkà bẹ́ẹ̀, mú ìwé rẹ jáde lálẹ́ òní, kí o wo orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ti NYSC àti ti ọjọ́ ìbí. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, tètè lọ búra sí i ní kóòtù kí wọ́n tó pè ọ́.

Mo yege nínú ìwé àti nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, síbẹ̀ wọn kò gbé mi ga.

Àyè ni kò sí. Yíyege lọ́tọ̀, àyè lókè lọ́tọ̀. Kọ lẹ́tà nípasẹ̀ olórí ẹ̀ka rẹ láti béèrè iye àyè tó ṣí sílẹ̀, kí o sì gba àmì pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, pẹ̀lú déètì lórí ẹ̀dà tìrẹ.